Orin Japan ní Ilé Ṣàkírù

Ọjọ́ Ajé, 6 October 2025

Medinat, ìyàwó Ṣàkírù, pè mí nígbà tí mo wà ní break. Stroke tó kọ lu ọkọ rẹ̀ ní March ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá — kò sọ Yorùbá, kò sọ òyìnbó. Àṣé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. "Ẹ̀gbọ́n, a ò gbọ́ èdè tó fi ń kọ ọ́. Anisah ní èdè Japan ni. Ẹ̀yin lẹ jọ gbé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo ní màá wá ní Thursday, ọjọ́ ìsinmi mi.

Mo jẹ búrẹ́dì mi tán. Mo padà sídìí bọ́ọ̀sì tí mò ń wà. 472, Abbey Wood sí North Greenwich ní London níbí, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Mi ò ro nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 9 October

Ilé Ṣàkírù ní Woolwich, àjà kejì. Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé, oṣù méje, mi ò yọjú rí. Medinat ò mẹ́nu kàn án. Ó kàn kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi káàbọ̀.

Ṣàkírù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti rù. Ó wò mí. Kò dà bí ẹni tó mọ̀ mí, kò sì dà bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Anisah, ọmọ wọn, wá orin kan lórí YouTube, ó gbé e sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ orin ń kọjá nísàlẹ̀ — funfun, tí yóò wá máa di búlúù bí orin ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní Japan láyé ìgbà yẹn.

Ṣàkírù la ẹnu. Orin náà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Medinat bú sẹ́kún. Anisah náà. Èmi ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Uncle, d'you know it?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ta ló ti lé lógójì ọdún ní Japan tí kò mọ̀ ọ́n? Orin àwọn àgbàlagbà ni. Tí wọ́n bá ti mu díẹ̀, tí wọ́n ti tú táì, wọ́n á gba máìkì, wọ́n á máa sunkún abúlé tí wọ́n ti wá.

Ẹtì, 10 October

Iṣẹ́. Òjò. Mo sùn.

Àìkú, 12 October

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí nínú sùtánà mi. Àyà mi níbí, ó rí bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú — o fọwọ́ kàn án, o ò mọ̀ pé tìẹ ni. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé ìyàwó kó jáde. Kó tó di pé mo dé London pàápàá.

Ọjọ́bọ̀, 16 October

Anisah ti ra máìkì méjì. Ó ní obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní hospital ní kí wọ́n jẹ́ kó máa kọrin, pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ó tiẹ̀ lè fa ọ̀rọ̀ padà wá.

A kọ orin mẹ́ta. Kì í ṣe orin ni mo ń rí, ilé ọtí kékeré kan ní Japan ni, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ìjókòó mẹ́jọ péré. Obìnrin tó ni ín, Mama ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀gá Onímú ló máa ń kó wa lọ síbẹ̀ ní Friday — ọ̀gá wa ní factory tí wọ́n ti ń ṣe ike. Imú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n á ní kí Ṣàkírù dìde. Yóò kọ ọ́ títí àwọn bàbá arúgbó á fi máa nu ojú. Èmi á máa pàtẹ́wọ́.

Lónìí, nínú ẹsẹ kejì, ibi tí mo máa ń ṣì láti 1993 ni mo tún ṣì. Ṣàkírù dákẹ́. Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Medinat ní ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti March nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló rán yín sí wa."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ìṣẹ́gun, 21 October

Jẹ́ n kọ ọ́. Kò sẹ́ni tí yóò kà á.

February 1995. Iṣẹ́ ń dínkù. Ọ̀gá Onímú ní àjòjì kan ṣoṣo lòun lè jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ ní factory. Gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò jẹ́. Olórin ni. Visa àwa méjèèjì ló ti kú.

Mo kọ́kọ́ kó kúrò nínú yàrá tí a jọ ń gbé. Mo wá ìjà, mo jà á, mo kó ẹrù mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sídìí tẹlifóònù ìta, aláwọ̀ ewé, nítòsí posí-ọ́fíìsì. Mo pe Immigration. Mo sọ orúkọ Ṣàkírù, àdírẹ́sì, wákàtí tó máa ń wà nílé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó gbé fóònù.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá mú un láàárọ̀. Wọ́n dá a padà sí Lagos pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Èmi lo ọdún mẹ́rin sí i. Ní Friday, èmi ni wọ́n wá ń ní kó dìde.

2008, a pàdé ara wa ní ọjà Woolwich. Ó dì mọ́ mi, ó gbé mi nílẹ̀. Ó ní onílé wa ló fi òun sùn, òun mọ̀. Mo ní èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo kọ èyí tán. Mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 October

Medinat bi mí kí ni orin tí ọkọ òun fẹ́ràn jù yẹn ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀: mo ti yó, yàrá mi móoru, mo ní ọ̀rẹ́ tó ń tọ́jú mi. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ebi ń pa á, kò sì lẹ́nì kankan.

Medinat mi orí. Ó ní ti Ṣàkírù kì í ṣe irọ́ ní tiẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun fi àwọn lẹ́tà tó kọ láti Japan han òun kó tó kú, orúkọ mi ló kún inú wọn. Ṣàkírù kọ ọ́ pé Toyè bọ́ kóòtù rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí yìnyín bọ́. Pé Toyè se oúnjẹ fún òun nígbà tí ibà mú òun.

Ṣé mo bọ́ kóòtù? Mi ò rántí. Òótọ́ ni, mi ò rántí.

Àbámẹ́ta, 25 October

Medinat gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi ní Thamesmead, ìdúpẹ́. Ilé mi rí wúruwùru, nítorí náà a jókòó létí omi Southmere. Ọ̀sán ni. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń jà.

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Tẹlifóònù, àdírẹ́sì, ọdún mẹ́rin.

Kò pariwo. Ó ní, "Kí lẹ wá fẹ́?"

Mo ní mo fẹ́ sọ fún Ṣàkírù, kí n tọrọ àforíjì.

"Ẹ ò ní sọ fún un. Nígbà tó lè bú yín, ẹ ò sọ. Nígbà tó lè gbá yín létí, ẹ ò sọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ fi ń jẹun nínú ilé mi! Ó wá di ẹni tí kò lè fọhùn tán, ìgbà yẹn lẹ wá rí ẹnu?"

Ó dìde.

"Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín ní Thursday. Ọjọ́ kan péré nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ máa wá. Aago méjì. Tẹ́ ẹ bá kọrin tán, ẹ máa lọ."

Kò pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, ó gbé e padà lọ sídìí bọ́ọ̀sì.

Àìkú, 26 October

Wọ́n dá aago padà. Wákàtí kan péré. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́bọ̀, 30 October

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí di aago kan. Mo wọ bàtà, mo lọ.

Anisah ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní orí ń fọ́ Mummy, ó wà ní kitchen. Ìyẹn ni pé Medinat kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀.

A kọ méjì. Nínú ẹ̀kẹta, Ṣàkírù dákẹ́. Mo rò pé mo tún ti ṣì í. Orin ń lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń di búlúù láìsí ẹni tó ń kọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lé orúnkún mi. Ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan. Ó ń wá a, ó ń wá a.

"Toyè."

Ó já gaara. Bó ṣe máa ń pè mí nínú yàrá wa nígbà yẹn gan-an.

Anisah pariwo. "Mummy! Mummy, he said a name!" Medinat sáré jáde, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méje, ọkùnrin yìí ò pe orúkọ ẹnì kankan. Kò pe ìyàwó, kò pe ọmọ.

"Ta ló pè?"

Anisah nawọ́ sí mi.

Medinat dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Tún un pè," ó ní, jẹ́jẹ́. "Jọ̀ọ́, Daddy Anisah. Tún un pè."

Ṣàkírù ò wò ó. Èmi ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù. "Toyè. Toyè. Toyè."

"Ẹ dá a lóhùn," Medinat ní.

Mo wo máìkì tó wà lọ́wọ́ mi. Medinat tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ó ń pè yín. Ẹ dá a lóhùn!"

Mo ní, "Mo wà níbí, Ṣàkí. Mo wà níbí."

Medinat padà sí kitchen. Mo gbọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi, tó jẹ́ kó máa dà. Kò tì í títí mo fi jáde.