Àgbàdo tí Táyé pọ̀n

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìyá ọkọ mi gbé àgbàdo tútù wá láti Ìjàn. Bí a ṣe ń bó o lẹ́yìnkùlé, Táyé àti Kẹ́hìndé, arábìnrin rẹ̀, mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àwọn ìborùn mi pọ̀n ọ́n. Táyé tiẹ̀ ń gbá tirẹ̀ nídìí pẹ́pẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ni Màmá bá já a gbà lẹ́yìn rẹ̀. “Ọkùnrin kì í pọnmọ o!” Wọ́n fi igi kan lé e lọ́wọ́: “Idà rẹ rèé, jagunjagun mi.”

Igbe Táyé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo Òkè-Ìlá kan. Ó ń wò mí. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí níléèwé pé eré ọmọdé kò ní takọtabo, àgbàdo ni mo tẹjú mọ́.

Bóyá àbímọ́ ni lóòótọ́, bóyá àwa la…

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Táyé ti fi igi yẹn lu ọmọ àgbàdo Kẹ́hìndé títí hóró fi fọ́n ká.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Ìbejì, ṣé o rí i? Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Bí Ọlọ́run ṣe dá ọkùnrin nìyẹn.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń ṣa hóró. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”