Ohùn Mi Tí Wọ́n Gé Láti Fi Polongo Ìbò

Ilé Ìfọṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì.

Alága,
Àjọ Elétò Ìdìbò,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ OHÙN MI TÍ ẸGBẸ́ ÒṢÈLÚ Ń LÒ LÓRÍ AYÉLUJÁRA

1. Alágbàfọ̀ ni mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń du ipò kánsẹ́lọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn tí kò yọjú, inú bí mi. Mo fi ohùn sọ ọ́ sórí wasáàpù ẹbí wa pé ẹni tí kò ráyè ìyá rẹ̀, ìlú wo ló fẹ́ tọ́jú? Ní ìparí, mo ní ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó ṣáà máa bọ̀. Ọjọ́ kejì ló dé, orí àga ló sùn mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

2. Ẹni tó gbé e jáde nínú ẹbí, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ tó ń bá ọmọ wa díje gé ìparí yẹn dànù, wọ́n fi orin sí ìyókù. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ ń kí mi pé mo gbà á sọ lẹ́nu àwọn. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

3. Èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn èèyàn ọmọ wa gbé ìwé wá kí n bùwọ́ lù ú pé kọ̀ǹpútà ló ṣe ohùn náà. Mo kọ̀. Ìtìjú kan ti tó mi, mi ò ní fi irọ́ ra èkejì.

4. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ìpolówó tí wọ́n sanwó fún ni. Ẹni tó sanwó náà ni kí ẹ pè, kò lè ní òun ò mọ̀ sí i.

5. Ẹni tó wá kí aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ ìpolówó náà sókè lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dá ohùn mi mọ̀. Ó gbà pé mo ta ọmọ òun. Bí mo bá wọlé, á kọjú sí ògiri, kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun láti inú fóònù mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń fún nọ́ọ̀sì ní aṣọ tí mo fọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìdájì yẹn ló máa kù sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gbogbo ohùn náà síta títí dé ìparí, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe san ti àkọ́kọ́. Ojú á tún tì mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ fóònù sókè ní wọ́ọ̀dù á tẹ ìyẹn náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Alágbàfọ̀,
Àbúrò ìyá olùdíje.