Owó Ọtí Tí O Kò Mu

Ọkọ mi, ọmọ mi tó ń gbé ìgboro,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ búrẹ́dì ńkọ́? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń ṣe tinú ẹ̀. Ọlọ́run tó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ìgò ọtí kò ní jẹ́ kí o padà síbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní nọ́ọ̀sì tó ń ran ẹ̀yin tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lọ́wọ́ sọ pé bí ìdààmú ọkàn bá dé, kí o máa mí sínú, kí o máa mí síta. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, kí wọ́n má baà sọ pé irú géńdé bíi tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Èmi ni mo bí ọ, mo gbọ́ èémí rẹ lọ́jọ́ náà, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ní ó fẹ́ àtúnṣe, ṣe bó ṣe wí, òun ló kàwé rẹ̀.

O tún ní ẹ máa ń jókòó yí ká, kálukú á sọ bí ọtí ṣe di bárakú fún òun. Àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ bíríkìlà béèrè pé ta ni alága, mo ní kò sí. Ó ní akápò ńkọ́, mo ní kò sí. Ó ní ìpàdé tí kò ní akápò, tí wọn ò sì tíì jà, èèyàn gidi ló wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló dùn mí. O ní bí òùngbẹ ọtí bá fẹ́ gbé ọ lọ, èmi lo máa pè. Mo wá rò ó pé iná inú fóònù yìí kò pọ̀, á tán kí o tó nílò rẹ̀. Mo bá pa á, mo fi aṣọ wé e, mo tì í mọ́nú àpótí, kí gbogbo agbára rẹ̀ lè jẹ́ tìẹ. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin dé tó tan án, ló bá figbe ta pé o ti ń pè láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní fóònù tí wọ́n bá pa kì í gbọ́ ìpè. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó pè ọ́, o ní ọ̀gá bú ọ níwájú àwọn oníbàárà, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí, ò ń pè mí, o mí sínú, o mí síta, o wá rìn lọ sílé télọ̀ tí ẹ jọ ń ṣèpàdé, ẹ jókòó títí ara rẹ fi rọ̀. Mo sunkún, ọmọ mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ náà gan-an. Fóònù ti wà ní títàn báyìí, etí ìró mi ni mo so ó mọ́.

Ó wá ku owó. Bí o bá gbowó oṣù, èyí tí o máa ń fi mutí tẹ́lẹ̀, má jẹ́ kó sùn lápò rẹ, nítorí owó tí kò níṣẹ́ á wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ sì ń wọgbà. Fi ránṣẹ́ sí mi, òrùlé ilé ìdáná ń jò. Awakọ̀ ni kí o fi rán, má gba báńkì. Owó tí mo kó fún wọn níjọ́sí, nígbà tí mo padà lọ gbà á, òmíràn ni wọ́n kó fún mi, ó sì gbó ju tèmi lọ.

Bí owó bá ti ń dé, màá mọ̀ pé o ò mu. Bí oṣù kan bá lọ tí mi ò rí nǹkan kan, má jókòó síbẹ̀ kí o máa ronú irọ́ tí wàá pa fún mi. Wọ ọkọ̀, kí o máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mi ò ní béèrè owó, òrùlé lè máa jò.

Ọlọ́run á máa bá ọ rìn kọjá ilé ọtí yẹn.

Èmi ni, ìyá rẹ.