Ọjọ́ Gálílì Ni Wọ́n Bí Mi

Mọ́ńdè Àjíǹde, Ìkọ̀tún. Ìrọ̀lẹ́.

Fóònù mi ò dún lónìí. Mo mọ̀ pé a ti sin Màámi látìgbà Iléyá, síbẹ̀ mo ṣáà ń wo fóònù náà látàárọ̀.

Nínú ìwé, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí mi. Akọ̀wé iléèwé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì làwọn ọmọ mi máa ń pè. Màámi ò gbà á rí. "Ọjọ́ táwọn onígbàgbọ́ lọ gbafẹ́ ní Gálílì ni mo bí ọ." Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni wọ́n, àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń lọ bi ìyàwó pásítọ̀ àdúgbò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọjọ́ wo ni Gálílì bọ́ sí, kí wọ́n lè pè mí.

Ìyá Tósìn, ará ilé wa, ti Gálílì dé pẹ̀lú sùtánà funfun tó ti dọ̀tí. Ó bu ìrẹsì fún mi. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni tọdún tó ń bọ̀ máa bọ́ sí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àlàájà, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Gálílì?"

Màámi ló máa ń béèrè ọjọ́ Gálílì. Ó ti wá kàn mí báyìí.