Igi Àgbọn Tí Mo Ṣí Nípò

Bàbá mi tí n kò rí dágbére fún,

Ẹ̀bùn ni mo ń jowú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àbúrò mi ni, òun ló sì ń ro púpurú fún mi láti ìgbà tí mo ti wálé fún ìsinmi láti Èkó, níbi tí mo ti ń kọ́ àwòrán yíyà. Síbẹ̀, bí mo bá rí i tó ń bọ̀ láti òkun, tó gbé àjẹ̀ tí ẹ fi ń tukọ̀ lé èjìká, n kì í lè jẹ oúnjẹ náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀gá òyìnbó tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ lágbègbè wa ní kí n mú àwòrán tuntun kan wá, pé wọn yóò gbé e kọ́ sí Èkó níwájú àwọn tó mọ iṣẹ́. Oṣù méjì ni mo fi wá ohun tí mo lè yà. Mo ya àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, mo sì rí i pé àwòrán tí olùkọ́ mi ti yà rí ni mo ń tún yà. Mo ya ọkọ̀. Ó dà bí bàtà. Níkẹyìn, nígbà tí omi fà, mo dúró sórí iyanrìn tó yọ, mo kọjú sílé, mo ya etíkun wa: àwọn ilé orí òpó, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, àti igi àgbọn gíga tó dá dúró. Wọ́n kọ́ wa pé bí apá kan àwòrán bá wúwo ju èkejì, ojú ẹni tó ń wò ó á dà síbẹ̀. Igi àgbọn náà sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù, nítorí náà mo ṣí i kúrò lọ́tùn-ún rẹ̀ lọ sí òsì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò. Mo gbé e síta kí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ.

Bàbá Olú, tí ẹ jọ máa ń tún àwọ̀n ṣe, yà wò ó.

“Ta ló gbé igi yìí kúrò níbi tó wà?”

Mo ní èmi ni, kí ó lè lẹ́wà.

“Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ká ní bàbá rẹ tẹ̀lé èyí wálé ni, a kì bá tí bí ọ.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ẹ̀bùn ló ṣàlàyé fún mi, ó sì dùn mí pé òun ni. Bí èèyàn bá ń bọ̀ láti ojú òkun, tó rí igi àgbọn ní èjìká ọ̀tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu odò ló kọjú sí, kí ó máa wọlé. Bí igi bá bọ́ sí òsì, iyanrìn ló wà níwájú rẹ̀, ìgbì á sì dojú ọkọ̀ dé. Gbogbo apẹja ló mọ̀ ọ́n. Èmi ọmọ Ìlàjẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ bí a ti ń po ọ̀dà ní Èkó, òun lẹ gbé jókòó sí àyè mi nínú ọkọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yí i padà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rò pé ìwé ti gbà mí lọ́wọ́ yín ni? Kí ló dé tí ẹ fi papò dà láì dúró dè mí?

Mo ní kí ó gbé mi jáde sí òkun, kí n lè tún etíkun yà láti ibẹ̀. Kò pẹ́ tí èébì fi gbé mi.

“Ẹ di ọkọ̀ mú, ẹ̀gbọ́n. A kì í fi pẹ́ńsùlù di ọkọ̀ mú.”

Ìlà tí mo fà dà bí ipa alákàn. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó fi orúnkún há àjẹ̀, ó fa ìlà mẹ́fà péré. Òrùlé, igi, ẹnu odò. Ó fi ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà pátápátá, ó kéré bí èékánná, ojú ọ̀run ló gba ìyókù. Bí ilẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn lójú ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò dé ilé. N kò ronú kàn án rí.

Ìlà mẹ́fà náà ni mo gbé sórí aṣọ tí mo nà mọ́ igi, mo kùn ún. Bàbá Olú wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí á gbé èèyàn délé.”

Ẹ̀bùn kò mọ̀ pé ayàwòrán máa ń kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi mọ̀. Mo kọ tèmi nìkan, mo nù ún kúrò, mo tún kọ ọ́, mo tún nù ún. Èmi ni mo po ọ̀dà, èmi ni mo jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ojú tó rí i kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin lẹ sì fún un ní ojú náà. Ìyẹn gan-an ló ń ta mí lára.

Láàárọ̀ yìí mo kọ orúkọ Ẹ̀bùn, mo sì kọ tèmi tẹ̀ lé e. Búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù lọ ni mo fi kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i kà.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín, tí inú sì ń bí mi sí yín díẹ̀,
Àkọ́bí yín.