Aago Ọwọ́ Tó Ń Ròyìn Àbúrò Mi Fún Mi

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Olóhùn-iyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: ṣé ẹni tó mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù mọ ohun tó wà nínú ọkàn náà? Mo ti ka ìwé títí ojú fi ń ro mí, n kò rí ìdáhùn. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ̀wé sí ọ.

Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀, báwo ni ara rẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn yín ti ń rìn, àti pé àwo inú ilé ti ku ìdajì. Kú ìtọ́jú o. Ara tèmi le, àfi oorun tí kò bá mi ṣọ̀rẹ́, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí ọ.

O mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó ń ránṣọ bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, kò wẹ̀, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, díẹ̀ ló sì kù ká pàdánù rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fi aago ọwọ́ kan kún oògùn tó fún un. Aago náà ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe sùn sí, àti bóyá ó jáde nílé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà, àti sí fóònù ẹnì kan nínú ẹbí tí àbúrò mi bá yàn. Èmi ló yàn. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé á yọ lójú fóònù mi. Tó bá di pupa, kí n yára wádìí.

N kò ní purọ́ mọ́ aago náà, ó ṣe wá lóore. Nígbà tí àbúrò mi ń sọ fún gbogbo wa pé òun ń sùn dáadáa, aago ló jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi pààrọ̀ oògùn. Díẹ̀díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àfi bí fóònù mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá ti yí díẹ̀ báyìí, ọkàn àbúrò mi á máa lù kì kì kì. Mo pè é, ó ní kò sí nǹkan. Ẹni tó ti purọ́ oorun rí, ta ni yóò gbà á gbọ́? Èmi àti Màmá gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù. Láti ìta la ti ń gbọ́ ariwo: òun àti onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

“Ìwọ tí ò ń gé irun ènìyàn gbágungbàgun, ìwọ lo fẹ́ kọ́ kóòṣì níṣẹ́?” Àbúrò mi ló ń pariwo, okùn ìwọ̀nṣọ lọ́rùn rẹ̀.

“Ó kéré tán, irun tí mo bá bà jẹ́ á tún hù,” onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. “Ṣòkòtò tí ìwọ gé kúrú ńkọ́? Ṣé ò ń bomi rin ín ni?”

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo fóònù mi, wọ́n wo onígbàjámọ̀, wọ́n ní, “Ariwo yìí ló fẹ́ pa ọmọ mi.” Wọ́n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má yà síbẹ̀ mọ́ títí ara ọmọ àwọn á fi le tán. Èmi náà ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní, “Ẹ má bínú, Màmá,” ó sì lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni fóònù mi ti padà di aláwọ̀ ewé, kò sì yẹ̀. A dúpẹ́ títí. Láràárọ̀, mo ń wo àwọ̀ yẹn, mo ń gba ibi iṣẹ́ lọ, n kò ya ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo gbé aṣọ kan lọ kó bá mi rán. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àbúrò mi jókòó pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí apá rẹ̀ kù ẹyọ kan lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kò ní òwú, eruku ti bo tábìlì tó fi ń géṣọ. Mo yọjú wo fóònù nínú báàgì. Àwọ̀ ewé ni.

“Ṣé ara le?” mo bi í.

“Ẹ wo fóònù yín,” ó ní.

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ sáré wá bí ẹni pé mò ń kú lọ. Mo wá dákẹ́, ẹ ń dúpẹ́.” Ó tún ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fóònù yín kúrò lára aago yìí. Kí dókítà máa rí i, ìyẹn máa ń bi mí léèrè ohun tó fà á. Ẹ̀yin, tí ẹ bá fẹ́ mọ bí mo ṣe wà, ẹ wá jókòó tì mí.”

Mo délé, mo sọ fún Màmá. Wọ́n fárígá. “Tó bá tún ṣubú ńkọ́, ta ló máa sọ fún wa?” Ẹ̀rù tó ń ba èmi náà nìyẹn. Mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ. Àwọn kan ní irú aago bẹ́ẹ̀ lè rí àìsàn náà kó tó padà dé. Àwọn mìíràn ní ẹni tí à ń ṣọ́ kì í pẹ́ fi ara pamọ́. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò rí nínú ìwé kankan ni bóyá èmi fúnra mi á lọ jókòó tì í lóòótọ́, tí kò bá sí ohun tó ń pọ́n nínú báàgì mi láti lé mi lọ.

Òní ni àbúrò mi ń lọ rí dókítà, ó sì fẹ́ ìdáhùn mi kó tó lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù náà, mo ní kó yọ mí kúrò lára aago rẹ̀ ni. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú. Mo tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ojú fóònù funfun báláú.

Màá tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Màá kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kí n bẹ̀ ẹ́ kó wá máa bá àbúrò mi jà lórí bọ́ọ̀lù níwájú mi. Màmá á bá mi wí, màá gba ìbáwí náà mọ́ra.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Kọ̀wé sí mi, kódà tí o bá rò pé mo ṣì í ṣe. Ilẹ̀ ti ń mọ́ lójú fèrèsé, mo sì ti pa àtùpà.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        Akàwé-gbàgbé-oorun.