Ọjọ́ Méje Níta Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá mi ní Towé,

Ara mi le o. Mo gba ipò kejì nínú eré irinwó mítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́rẹ́ tí olùkọ́ eré ìje wa ń gún fún wa ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yá sí i. Ó ní fítámì lásán ni. Ohùn mi ló ki díẹ̀, bóyá òtútù ibùdó wa níbí ni, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè yín.

Ẹ béèrè bóyá mo ṣì ń pa òfin ìjọ wa mọ́, kí n má wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje bí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí òfin náà ò kàn mí, tí mi ò pa ìsìn kankan jẹ.

Ẹ bá mi kí Laure, àbúrò mi. Bó bá ń kùn pé ọjọ́ méje ti pọ̀ jù níta, ẹ ní mo ní kó máa dúpẹ́.

Ọmọ yín,
Huguette